Oògùn Tí Sàrátù Fi Opó Bò

Gbogbo ará Ìlua tó dàgbà tó láti rántí ọdún onígbáméjì ló mọ ìdajì ìtàn yìí. Ìdajì kejì, Sàrátù nìkan ló mọ̀ ọ́n, àti Ẹni tó dá a. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi gbé e sínú. Ní báyìí tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ní kí a kọ ọ́ jáde, kí a má sì yí orúkọ òun padà. Ó ní ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ lójú pópó kò gbọdọ̀ tọrọ àforíjì lẹ́yìn ilé.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ogun Bìáfírà parí ni. Sàrátù jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mùstàfá ọkọ rẹ̀ nìkan ló ní ṣọ́ọ̀bù oògùn òyìnbó ní Ìlua nígbà náà. Oṣooṣù ló ń wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn lọ kó oògùn wá. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló pa á láàárín ọjọ́ márùn-ún, oògùn yí ibùsùn rẹ̀ ká.

Bẹ́ẹ̀ ni Sàrátù ṣe wọnú opó. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Aṣọ títa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkùnrin yóò dúró sí bí ó bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò mú èédú, yóò fa ilà kan sára ògiri, kí kíkà má baà pòórá mọ́ ọn lórí.

Ta ló ń pọnmi fún un? Àwáwù ni.

Àwáwù, ìyàwó Ládòkun, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wá sílé ọkọ ní Ìlua. Ọjọ́ tí wọ́n sin Mùstàfá ló ti sọ níwájú gbogbo àwọn obìnrin pé, “Ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Títí opó Sàrátù yóò fi pé, omi rẹ̀ di tèmi.” Kò sì yẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ garawa kan, ìrọ̀lẹ́ garawa kan, pẹ̀lú Abíọ́nà, ọmọ ọdún méjì, lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Opó ọ̀lẹ! Omi rẹ rèé o. O jókòó bí ìyá ọba, èmi ń rù ú bí ìwọ̀fà.”

“Ìwọ lo fẹnu ara rẹ gba iṣẹ́.”

“Mo gbà á. N kò mọ̀ pé o máa ń wẹ̀ tó báyìí! O ti ń sanra nínú ilé yìí o. Ọjọ́ tí opó bá pé, àwọn ọkùnrin yóò máa ti ara wọn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.”

Sàrátù yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín opó níta.

Ilà èédú pé méjìléláàádọ́ta lára ògiri ní ọjọ́ tí àìsàn náà wọ Ìlua. Ẹ̀rùn ti le, àwọn kànga ti gbẹ, odò ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, òun náà ti di àbàtà. Ènìyàn mẹ́ta kú lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹta, mọ́kànlá. Ẹni tó bá ẹ jẹun àárọ̀, wọ́n ti lè máa gbẹ́ sàréè rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀. “Àìsàn yẹn” ni wọ́n ń pè é. Àwọn lọ́rì kò wá mọ́, nítorí ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn náà ni Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé, tó wà ní dìsìpẹ́ńsárì, wá dúró lẹ́yìn aṣọ títa.

“Ìyá Àpọ́nlé, ẹ kú àsẹ̀yìndè o. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n yọ yín lẹ́nu. Bàbá Àpọ́nlé ló sọ fún mi, kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kápúsù pupa-òun-ìyeyè dé láti Ìbàdàn. Òun ni àìsàn yìí ń gbọ́. Tèmi ti tán láti àná.”

Òótọ́ ni. Agolo mẹ́ta ló wà nínú àpótí pákó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a kò tíì já ìdè wọn. Lórí àpótí náà ni Sàrátù ká awọ àgbò tí Mùstàfá fi ń kírun sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí kì í ṣe òǹrorò. Ọmọ mẹ́rin ló bí fún Mùstàfá, mẹ́ta ti lọ. Àpọ́nlé, ọmọbìnrin ọdún méje, nìkan ló kù, ọkọ sì ti kú. Ó rò ó pé bí òun bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú ni yóò ya wọlé, kí ilẹ̀ tó ṣú agolo mẹ́ta yóò ti di òfìfo. Bí ó bá wá kan Àpọ́nlé ńkọ́? Agolo wo ni òun yóò nawọ́ sí?

Ó lè mú agolo kan pa mọ́, kí ó fún wọn ní méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ èyí báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ó ronú dé ibẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì,” ohùn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ, “opó ni mí. Àfáà ti ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù olóògbé títí opó yóò fi pé. Ẹ̀sìn ni.”

Àfáà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “ẹ̀sìn ni” yẹn ti ilẹ̀kùn gbọn-in ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọmọ ìjọ ni Mọ́ládé. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun, ọmọlẹ́yìn Jésù, wá ń kọ́ opó Mùsùlùmí ní ẹ̀sìn rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

“Ó ti yé mi, Ìyá Àpọ́nlé. Ẹ má bínú.”

Ó sì lọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹ sì gbọ́ ohun tó burú jù níbẹ̀: wọ́n yìn ín. Sàrátù wà lẹ́yìn aṣọ, ó ń gbọ́ àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá. Ọ̀kan ní, “Ẹ ò rí opó tó mọ òfin! Nínú gbogbo ìdààmú yìí, kò yẹsẹ̀.” Èkejì ní, “Ọlọ́run yóò san án fún un.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ó dùn mọ́ òun.

Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá tún wá, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ẹni tí Àfáà kò bá tó láti lé padà, a fi kọ́kọ́rọ́ lé e. “Kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi ní Kísí.” Kọ́kọ́rọ́ náà sì wà létí ìró rẹ̀, ó ń tutù sí i níkùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gọ́ta, Àwáwù gbé omi dé bí i ti àtẹ̀yìnwá, pẹ̀lú ìdì igi kan lórí garawa.

“Omi odò ti ń rùn. Nọ́ọ̀sì ní kí á máa sè é kí á tó mu ún. Mo dá igi wá fún ọ. Àpọ́nlé kò gbọdọ̀ mu tútù o!”

“Ìwọ ńkọ́? O ń sè é?”

“Igi dà? Tìrẹ ni mo kọ́kọ́ dá. Bí mo bá padà sígbó lọ́sàn-án, n ó dá tèmi.” Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi tí inú mi ń lọ òkúta? Jẹ́ kí n máa lọ, Abíọ́nà ti tọ̀ sí mi lẹ́yìn.”

Kò padà sígbó lọ́sàn-án.

Ládòkun, ọkọ rẹ̀, ló wá. Oòrùn kan àtàrí. Ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ aṣọ títa rárá.

“Ìyá Àpọ́nlé.”

“Bàbá Abíọ́nà, ṣé kò sí?”

“Ó wà o. Ìyàwó mi ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìyálẹ̀ta. Ojú rẹ̀ ti jìn.”

 Ládòkun ló ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kún fún ọ̀wọ̀ bíi pé òun ló jẹ ẹ́ ní nǹkan.

“Mo mọ̀ pé Àfáà ti kọ̀ fún yín. N kò ní kí ẹ rú òfin, Àwáwù pàápàá ní n kò gbọdọ̀ bi yín. Mo kàn wá béèrè ibòmíràn tí wọ́n ti ń tà á ni, torí ẹ mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá Àpọ́nlé tó ń ta oògùn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni Sàrátù ti ní àyè. Ọkùnrin náà kò bẹ̀ ẹ́, kò bú u, kò fura sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, “Ẹ dúró, ó wà,” ì bá ti tó.

“Festus wà ní Òkèhó,” ó ní. “Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọjà. Bí ẹ kò bá bá a, ẹ béèrè Isaac ní Ìsẹ́yìn.”

“Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọlọ́run yóò fi opó yín ṣe àparí.” Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìdajì tí ìlú kò mọ̀ nìyí. Bí ìró kẹ̀kẹ́ ṣe lọ tán, Sàrátù dìde. Ó ká awọ ìkírun kúrò, ó fa àpótí jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó já ìdè agolo kan. Ó ka kápúsù mẹ́jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó dé ìdí aṣọ títa, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti di etí aṣọ mú. Ilé Àwáwù kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó ń gbọ́ bí Abíọ́nà ṣe ń ké níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Àpọ́nlé pè é láti inú yàrá.

“Ìyá mi, inú ń run mí.”

Máńgòrò dúdú ló jẹ. Àjẹyó máńgòrò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú rírun náà kò sì pẹ́ tó fi lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, kápúsù mẹ́jọ ti padà sínú agolo, agolo ti padà sínú àpótí, awọ ìkírun ti padà sórí rẹ̀. Nígbà tí Àpọ́nlé tún ń ṣeré, Sàrátù kò dìde mọ́.

Ohun tí ojú Ládòkun rí lọ́nà, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni Sàrátù ti gbọ́ ọ. Ó dé Òkèhó, ó bá èrò mẹ́wàá níwájú ṣọ́ọ̀bù Festus, àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó bi wọ́n pé ibo ni ó lọ. Obìnrin kan ní, “Àná la sin ín. Ó ń fún àwọn ènìyàn títí oògùn fi tán. Nígbà tó wá kan òun, kò sí.” “Kí wá lẹ ń dúró dè?” “A kò mọ ibòmíràn tí à bá dúró sí ni.”

Ó gbọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù kìíní, ọjà ti tán. Èkejì, wọ́n ti fèrèsé pa, ìyàwó onílé fi ihò ilẹ̀kùn bá a sọ̀rọ̀ pé ọkọ òun ti kó ọmọ lọ sóko. Níwájú ilé Isaac ló sùn, lórí pèpéle. Láàárọ̀, Isaac gbọ́ orúkọ Mùstàfá, ó sì wọlé lọ mú kápúsù mẹ́rin wá nínú èyí tó fi pa mọ́ fún ìyá rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ládòkun dì í sétí fìlà, ó kọjú kẹ̀kẹ́ sílé.

Láàárọ̀ yẹn kan náà, ilà èédú di ọgọ́ta. Garawa omi kò dé. Sàrátù ní kí Àpọ́nlé yọjú sí ilé Àwáwù láti ẹnu ọ̀nà, kí ó má wọlé. Ọmọ náà sáré padà.

“Ìyá Abíọ́nà ní kí ẹ má bínú, pé àwọn kò lè pọnmi lónìí.”

Sàrátù jókòó sílẹ̀ gbì. Ó fẹ́ gbé oògùn náà lọ. Lóòótọ́ ló fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ fún àwọn yòókù? Bí oògùn bá jáde lónìí, wọn yóò bi í níbo ló wà lánàá. Láti ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì ti wá, òkú mẹ́tàdínlógún ti wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn báyìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìyá tàbí ọkọ tàbí ọmọ tó ti dúró lẹ́yìn aṣọ yẹn.

Ibi tó ti ń rò ó ló ti gbọ́ ohùn Àfáà Ọ̀ṣẹ́nì.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ní kùtùkùtù àárọ̀, ó ti lọ bá Àfáà ní itẹ́ òkú, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó ní, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda fún Ìyá Àpọ́nlé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn náà.” Àfáà ní, “Èmi? Láti àdúrà ọjọ́ kẹjọ Mùstàfá, mi ò tíì bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀.” Àwọn tó wá sìnkú gbọ́ ọ. Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e wá, iyẹ̀pẹ̀ sàréè lẹ́sẹ̀ wọn.

“Sàrátù!”

“Ẹ káàárọ̀, Àfáà.”

“Ìgbà wo ni mo sọ fún ọ pé kí o má fọwọ́ kan oògùn?”

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró.

“Mo ní ìgbà wo? Ọlọ́run tó ní kí o jókòó nínú opó kò ní kí o jókòó lé ẹ̀mí ènìyàn. Opó kò dí ọ̀nà ìwòsàn rí! Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Oògùn náà wà tàbí kò sí?”

“Ó wà.”

Ẹnìkan nínú èrò náà sọ “Háà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.  Sàrátù ní ì bá sàn kí gbogbo wọn pariwo.

“Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

Ó tú u nídìí ìró. Ó gbé agolo mẹ́ta jáde, ó gbé wọn sórí àbáwọlé, lójú gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé wò wọ́n, ó wo èyí tí a ti já ìdè rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ dé. Ládòkun ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ti tú fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kápúsù mẹ́rin mú bí ẹni di ẹyin. Ó rí èrò. Ó rí agolo. Ó wo Sàrátù lójú, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí ó rí i láìsí aṣọ láàárín.

“Kọ́kọ́rọ́ ti dé láti Kísí ni?” ó ní.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sáré wọ ilé rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sáré tẹ̀ lé e.

Sàrátù náà jáde. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Ogún ìṣísẹ̀ tí kò lè rìn lánàá, ó rìn ín níwájú gbogbo ayé, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

Àwáwù ti di awọ òun egungun láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n fún un ní kápúsù, ó bì í. Wọ́n fún un ní òmíràn, ó bì í. Nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí ta omi sí i lẹ́nu, omi náà ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó la ojú, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Sàrátù,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, “kí lo wá ṣe níta? Opó rẹ kò tíì pé.”

Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ó ti lọ.

Àwọn agolo mẹ́ta náà kò tán lọ́jọ́ kan bí Sàrátù ti rò. Nọ́ọ̀sì fi ìwọ̀n pín wọn. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún tó ti dùbúlẹ̀ ló dìde, Abíọ́nà, tí àìsàn náà mú lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wà lára wọn. Àìsàn kò kan ilẹ̀kùn Àpọ́nlé rárá. Títí di òní, àwọn tó yè máa ń kí Sàrátù lọ́jà pé, “Ẹ ṣé, Ìyá Àpọ́nlé, oògùn ọkọ yín ló gbà wá.” Kò tíì mọ ìdáhùn tó yẹ kí òun fọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtàn parí sí.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú Àwáwù, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Sàrátù gbọ́ ìró nǹkan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí aṣọ. Garawa omi kan ló wà lórí àbáwọlé, ó kún dé ẹnu, ó ṣì ń mì. Ládòkun ló ń lọ yẹn, òṣùká lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin, tó ru omi láti odò láàárín àwọn obìnrin.

Ó tún dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò kí i, kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Sàrátù rán Àpọ́nlé sí i pé kí ó dákun, kí ó má pọn ọ́n mọ́. Iṣẹ́ tí ọmọ náà jẹ́ padà ni pé, “Bàbá Abíọ́nà ní kì í ṣe tiyín ni àwọn ń pọn. Wọ́n ní Ìyá Abíọ́nà ló ṣèlérí.”

Fún àádọ́rin ọjọ́, àárọ̀ àti alẹ́, ó gbé omi náà dé. Ìbáṣe pé ó bú u! Ìbáṣe pé ó da omi náà sí i lára! Ilà èédú ń pọ̀ sí i lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ tí ilà pé àádóje, Sàrátù ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó dé.

“Bàbá Abíọ́nà, ẹ dá mi lóhùn. Ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ sọ ọ́.”

Ládòkun sọ garawa kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí omi má baà dànù. Ó tú òṣùká, ó gbọn ọ́n.

“Àwáwù ti parí iṣẹ́ rẹ̀,” ó ní, ó sì yípadà.

Omi yẹn ni omi ìwẹ̀ opó. Kò sí òmíràn nílé. Sàrátù gbé e lọ sí balùwẹ̀, ó bọ́ aṣọ opó sílẹ̀, ó bu igbá àkọ́kọ́ lé orí. Ó wẹ̀ títí garawa fi gbẹ. Opó Mùstàfá kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn ti wí.

Ti Àwáwù kò kúrò.